Ẹ̀kọ́ wà nínú pókà, ṣùgbọ́n ta ni ó ń san owó rẹ̀?

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. A mọ lótìrì, a mọ tẹ́tẹ́ eré ẹṣin, a sì mọ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta lórí tẹlifóònù wọn. Èyí tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí yàtọ̀ díẹ̀. Pókà ni orúkọ rẹ̀. Eré káàdì ni, a sì lè ta á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí a kò fojú kàn rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbà á ní iṣẹ́ kì í sọ pé oríire ni àwọn ń wá. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ni: ó ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù, ó ń kọ́ ọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu, ó sì ń sọ ọ́ di ẹni tí ó mọ ìpinnu í ṣe. Ṣé òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí? Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, èló ni owó ilé-ẹ̀kọ́ náà, ta sì ni ó ń san án?

Bí a ti ń ta á

Káàdì 52 ni a fi ń ta pókà. Nínú irú èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ, olúkúlùkù ni a ó fún ní káàdì méjì tí òun nìkan yóò rí. Lẹ́yìn náà ni a ó máa ṣí káàdì márùn-ún sí ojútáyé, tí gbogbo wọn yóò jọ lò. Kí a tó ṣí wọn, àti bí a ti ń ṣí wọn, olúkúlùkù ní láti pinnu: ṣé kí òun fi owó kún èyí tí ó wà ní àárín ni, tàbí kí òun jọ̀wọ́ káàdì òun? Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá dára jù ní ìkẹyìn ni yóò kó owó àárín. Ṣùgbọ́n ẹni tí káàdì rẹ̀ kò dára náà lè kó o, bí ó bá fi owó púpọ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀rù sì ba àwọn yòókù débi pé wọ́n jọ̀wọ́ tiwọn.

Ẹ fi èyí wé ayò ọlọ́pọ́n. Nínú ayò, ihò 12 ni ó wà, ọmọ ayò 48 sì ni ó wà nínú wọn. Ohun gbogbo hàn kedere sí àwọn méjèèjì tí ó ń ta á. Bí ẹni tí ó mọ ayò bá pa òpè, ìmọ̀ ni ó fi pa á. Pókà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, àkọsẹ̀bá náà sì wà níbẹ̀, nítorí pé káàdì tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì pamọ́ fún wa. Ní ọ̀nà yìí, ó jọ ọjà títà àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ju bí ayò ti jọ wọ́n lọ.

Ìdí nìyí tí John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò ńlá tí a bí ní ilẹ̀ Họ́ńgárì, fi lo pókà láti ṣàlàyé bí ènìyàn ti lè pinnu nígbà tí kò mọ ohun tí ó wà nínú ẹnì kejì. Òun àti Oskar Morgenstern tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1944. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ṣì ń lo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ títí di òní.

Ìtàn obìnrin kan

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn dáadáa ni Maria Konnikova. Ìlú Moscow ní Rọ́ṣíà ni a ti bí i, Amẹ́ríkà ni ó sì ti dàgbà. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia nínú ìmọ̀ nípa èrò àti ìwà ènìyàn. Iṣẹ́ ìwé kíkọ ni ó ń ṣe. Nígbà kan, ìṣòro ya lu ìdílé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ṣubú, ó sì kú. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Àìsàn sì kọlu òun fúnra rẹ̀. Ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé: nínú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, èwo ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, èwo ni kò sí? Níbi tí ó ti ń wá ìdáhùn ni ó ti ka ìwé von Neumann.

Nígbà náà, obìnrin yìí kò mọ iye káàdì tí ó wà nínú àpò káàdì kan. Ní ọdún 2016, ó tọ Erik Seidel lọ, ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn jù lọ nínú pókà ní gbogbo ayé, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ òun. Seidel gbà. Ilé tẹ́tẹ́ ńlá kọ́ ni Konnikova ti bẹ̀rẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, pẹ̀lú owó kékeré. Òfin kò fàyè gba pókà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ìpínlẹ̀ New York tí ó ń gbé. Nítorí náà, ó máa ń kọjá sí òdì kejì odò Hudson, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí òfin ti fàyè gbà á. Yóò jókòó sí ilé kọfí, yóò ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò sì ta á níbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje kan ní erékùṣù Bahamas, ó sì gba 84.600 dọ́là. Ní ọdún 2020, ó tẹ ìwé jáde lórí gbogbo rẹ̀.

Ohun tí pókà ń kọ́ni

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni pé ìpinnu rere àti àbájáde rere kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ẹnì kan ní as méjì lọ́wọ́. Kò sí káàdì méjì tí ó dára ju èyí lọ láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kejì ní ọba méjì. Àwọn méjèèjì kó gbogbo owó wọn sílẹ̀. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 100, ẹni tí ó ní as yóò borí ní nǹkan bí ìgbà 82. Yóò pàdánù ní nǹkan bí ìgbà 18. Bí ó bá wá jẹ́ pé ó pàdánù lónìí, ṣé ó ṣìwà hù ni? Rárá o. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni ó ṣe.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí oko. Àgbẹ̀ kan ní Ṣábẹ̀ dúró títí ilẹ̀ fi rin dáadáa kí ó tó gbin àgbàdo. Ọ̀dá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, irúgbìn rẹ̀ sì jóná. Aládùúgbò rẹ̀ gbin tirẹ̀ nígbà tí ó wù ú, láìwo ojú ọjọ́, òjò sì ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Ìkórè aládùúgbò ni ó pọ̀, ṣùgbọ́n ìpinnu àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó dára. Ẹni tí ó bá fi ìkórè ọdún kan ṣoṣo díwọ̀n ọgbọ́n yóò tẹ̀lé ẹni tí kò yẹ kí ó tẹ̀lé.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù máa ń fẹ́ gba owó rẹ̀ padà kíákíá. Inú a máa bí i, ojú rẹ̀ a sì ṣókùnkùn. Ní àkókò náà ni ó ń ṣe ìpinnu tí ó burú jù lọ. Ẹni tí ó gbọ́n a dìde, a sì lọ sùn. Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé owó tí a yà sọ́tọ̀ fún eré kò gbọdọ̀ pàdé owó oúnjẹ, owó ilé tàbí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú owó tí a yà sọ́tọ̀ yìí ni a sì ń gbé jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù fún wa: àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó mú pókà ní iṣẹ́ gidi ní ìwé kan. Ó ń kọ ohun tí ó mọ̀ sínú rẹ̀, ohun tí ó pinnu, àti ìdí tí ó fi pinnu bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò padà kà á, yóò sì yẹ ara rẹ̀ wò. Nítorí náà, a lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ báyìí: òtítọ́ ni pé ẹ̀kọ́ wà nínú pókà.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ náà

Ó ku ìbéèrè kejì. Pókà kò dá owó sílẹ̀ bí oko ti ń dá àgbàdo sílẹ̀. Owó tí ẹnì kan kó, láti àpò ẹlòmíràn ni ó ti wá. Pẹ̀lú èyí, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ojú-ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì náà ń yọ tirẹ̀ nínú owó àárín kí ẹnikẹ́ni tó kó o.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní ènìyàn mẹ́fà jókòó, olúkúlùkù sì mú 10.000 sẹ́fà wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60.000. Ká ní owó àárín jẹ́ 2.000 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ sì ń yọ 5 nínú 100. Ìyẹn jẹ́ 100 sẹ́fà. Bí wọ́n bá ta á ní ìgbà 60 láàárín wákàtí kan, ilé-iṣẹ́ ti gba 6.000. Owó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti di 54.000. Bí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 10, iye tí ilé-iṣẹ́ yóò gbà jẹ́ 60.000, gẹ́gẹ́ bí gbogbo owó tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá. Kí ẹnì kan tó lè jèrè, ó ní láti gbọ́n ju àwọn tí ó jókòó tì í lọ, kí ó sì gbọ́n jù wọ́n lọ débi pé èrè rẹ̀ yóò borí ohun tí ilé-iṣẹ́ ń yọ. Gbogbo ènìyàn kò lè wà ní ipò yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣirò kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìtàn ẹni tí ó borí ni ó máa ń tàn kálẹ̀. Ní ọdún 2003, akọ̀wé ìṣirò owó kan ní Amẹ́ríkà, Chris Moneymaker, fi owó tí kò tó 100 dọ́là wọ ìdíje kékeré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ó ti rí àyè wọ ìdíje ńlá ti Las Vegas, tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ 10.000 dọ́là. Ó borí, ó sì gba 2.500.000 dọ́là. Ní ọdún yẹn, ènìyàn 839 ni ó wọ ìdíje náà. Ní ọdún 2006, wọ́n ti di 8.773. Gbogbo ayé mọ orúkọ ẹnì kan tí ó borí. Ta ni ó mọ orúkọ àwọn 838 tí ó pàdánù?

Ewu mìíràn tún wà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2011, ìjọba Amẹ́ríkà ti ojú-ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ pókà mẹ́ta tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ náà. Ó wá hàn pé ọ̀kan nínú wọn, Full Tilt, jẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní nǹkan bí 390 mílíọ̀nù dọ́là, nígbà tí owó tí ó wà nílé kò ju nǹkan bí 60 mílíọ̀nù lọ. Ọdún 2014 ni àwọn oníbàárà ti Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó wọn gbà. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọdún 2010 fi dandan lé e pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá gba àṣẹ nìkan ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tí kò sì tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ta á. Ẹni tí ó bá fi owó rẹ̀ sí ojú-ìwé tí kò mọ ẹni tí ó ni ín, ọ̀dọ̀ ta ni yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ?

Ní ọdún 2019 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Carnegie Mellon àti ti Facebook fi hàn pé ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Pluribus lè borí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ nínú pókà onígbà mẹ́fà, ìyẹn ni pé ènìyàn mẹ́fà ni ó ń ta á pọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ pókà ka irú ètò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń ta á lórí tẹlifóònù kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe?

Kí a má ṣe gbàgbé pé Konnikova ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìwé tí ó fẹ́ kọ, ó sì ní olùkọ́ tí ó wà lára àwọn tí ó dára jù lọ ní ayé. Ọ̀dọ́ tí kò ní iṣẹ́, tí ó yá owó láti ta pókà lóru, kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ọmọ wa tàbí àbúrò wa bá sọ fún wa pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́ nínú pókà, kí a má ṣe kọ́kọ́ bú u. Kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ dà? Èló ni o yà sọ́tọ̀, láti inú owó wo? Ìgbà wo ni o máa ń dìde? Ẹni tí kò ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tẹ́tẹ́ lásán ni ó ń ta.

Ẹ̀kọ́ náà kò sì sí nínú owó. A lè fi ọmọ ayò dípò owó, kí a ta pókà nínú ilé, kí ẹnikẹ́ni má sì di ajigbèsè. Èyí tí ó tún sàn jù ni pé kí a gbé ìwé àkọsílẹ̀ náà wá sí ẹnu iṣẹ́ wa. Ìyá tí ó ń ta aṣọ ní Kétu lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó ta àwìn: «Mo ta àwìn fún lágbájá, nítorí pé ó san tẹ́lẹ̀ ní àsìkò.» Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yóò padà kà á. Yóò rí ìgbà tí ìdí rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àti ìgbà tí oríire kàn kó o yọ. Àwa tí a ti mọ ìwé kọ àti ìwé kà ti ní ohun èlò yìí lọ́wọ́. Owó ìwé kan àti kálàmù kan ni ó ń ná wa, kò sì sí ẹni tí yóò sunkún nítorí èrè tí a bá jẹ níbẹ̀.