Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Kí Ẹni Tó Síngbọnlẹ̀ Tó Ra Kayak

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí wọ́n ń gbé ní Texas báyìí, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n jókòó sínú kayak tuntun tí wọ́n fẹ́ máa fi pẹja, omi sì ti kún dé ìdí wọn kí wọ́n tó ju ìwọ̀ sódò rárá. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n sọ pé díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ náà dojú dé, ẹ̀rín tán lẹ́nu wa.

Owó ni ẹ̀gbọ́n wa kọ́kọ́ wò. Ọkọ̀ náà kò wọ́n, àkọlé ara rẹ̀ sì ní ó lè gbé 300 pọ́ùn. Ẹ̀gbọ́n wa tẹ̀wọ̀n 260, wọ́n ní ó ti tó. Ṣùgbọ́n ara nìkan kọ́ ni ọkọ̀ ń gbé. Àpótí yìnyín, ọ̀pá ìwọ̀, ìdákọ̀ró àti omi mímu wà nínú ìṣirò náà. Ẹrù 40 pọ́ùn péré ti sọ ọ́ di 300 géérégé. Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ apẹja ń tẹ̀ lé ni pé kí èèyàn àti ẹrù má kọjá nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí àkọlé sọ. Ọkọ̀ tó lè gbé nǹkan bí 430 pọ́ùn ló yẹ wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ìbú ló kàn. Ní tiwa, ọkọ̀ tí èèyàn ń jókòó lé lórí, tó fẹ̀ tó 34 íǹṣì ó kéré tán, la fara mọ́. Kò ní yára púpọ̀, àmọ́ ta ló ń bá ẹja sáré? Irú rẹ̀ tuntun wọ́n, nítorí náà, àlòkù tó gbani sàn ju tuntun tó há mọ́ni lọ. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì tí àga rẹ̀ ṣeé sún sí àárín náà dára. Kí ẹ tó sanwó, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti sán.

Àwọn kan á ní kí ẹ̀gbọ́n wa kọ́kọ́ fọn ná. A ò gbà. Àwọn Inuit tó ni kayak láti ìbẹ̀rẹ̀, apá àti ìdí ọdẹ tó máa wà á ni wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí télọ̀ bá ń wọn aṣọ. Bí aṣọ bá fún èèyàn, ṣé ara la máa gé?

Ibi kan ṣoṣo tí a ò ti gbọ́dọ̀ ṣọ́wó ná ni ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà. Òfin Amẹ́ríkà ní kó wà nínú ọkọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwa ní kó wà lọ́rùn, kó sì gba àyà ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa ti fẹ́ ta kayak yẹn báyìí. Ẹni tó bá tín-ín-rín nínú yín, ọkọ̀ yá o.