Ẹ Má Ṣe Sọ Oògùn Oorun Nù Lójijì

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a jọ rò ó. Bí ẹnì kan nínú jámáà bá wí pé òun kò lè sùn mọ́ láìlo hóró oògùn tí dókítà fún òun, èsì tí mo sábà ń gbọ́ ni pé, "Sọ ọ́ nù, kí o gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun!" Ìmọ̀ràn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ewu ni.

Hóró bíi Valium àti Lexotan a máa mọ́ ọpọlọ lára. Ẹni tí ó ti ń lò wọ́n lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bí ó bá dá wọn dúró lójijì, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, àyà rẹ̀ a máa já, gìrì bíi ti wárápá sì lè gbé e, kí ó sì pa á. Èyí kì í ṣe àìnígbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àlùjọ̀nnú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Heather Ashton, tí ó ṣe àbójútó irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní Newcastle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1982 sí 1994, kọ́ni pé díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa dín in kù, lábẹ́ ojú dókítà. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Láàárín àkókò náà, ẹ tọ́jú ara. Ẹ̀yin oníṣòwò, obì tí ẹ fi ń lé oorun lórí àtẹ, òun náà ni ó ń lé e lóru. Ẹ fi í sílẹ̀, àti kọfí pẹ̀lú. Ti ọtí kò yẹ kí n sọ fún jámáà, àfi ti àgbo tí a fi ọtí pò, tí àwọn kan ń mu bí ẹni pé omi lásán ni. Ẹ rìn díẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ẹ máa jí ní àkókò kan náà, bí oorun àná kò tilẹ̀ dára. Ẹ kọ iye oògùn tí ẹ lò sínú ìwé, bí ẹ ti ń kọ gbèsè oníbàárà. Ọjọ́ búburú yóò padà wá lẹ́yìn ọjọ́ rere. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ fi kún oògùn fúnra yín.

Nípa ti ààwẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fo oògùn ọ̀sán nítorí ìtìjú. Kí ó bi dókítà bóyá a lè pín in sí sàárì àti ìṣínu. Bí kò bá ṣeé ṣe, Kùránì ti fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn. Ẹ̀yin lẹ́mọ́mù wa, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ èyí lórí mínbárì ní ọjọ́ Jímọ̀ kan kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé.