Fọ́ńgọ́ọ̀sì Tó Ń Pa Máìtì: Ohun Tó Yẹ Kí Àgbẹ̀ Ẹ̀fọ́ Ìlọrin Mọ̀

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí àwọn àgbẹ̀ ìlú Ìlọrin ń pọn omi odò Asa rin tẹ̀tẹ̀, ẹwédú àti tòmátò, ọ̀tá kan a máa yọjú tí ojú lásán kì í tètè rí. Máìtì ni. Ìbátan aláǹtakùn ni. Abẹ́ ewé ló ń gbé, omi ara ewé ló sì ń fà mu títí ewé yóò fi pọ́n, tí yóò sì rọ.

Oògùn kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń sáré lọ rà. Ṣùgbọ́n oògùn náà lè pa àwọn kòkòrò tó ń pa máìtì jẹ, ẹ̀fọ́ tí a fín lónìí sì lè dé inú ìkòkò ọbẹ̀ lọ́túnla.

Ọ̀nà mìíràn wà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí olú. Oríṣi kan sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé ara kòkòrò ló ti ń jẹ. Irúgbìn rẹ̀, tó kúnná bí eruku, a lẹ̀ mọ́ kòkòrò, a hù, a gba awọ rẹ̀ wọlé, a sì pa á. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àjọ ìwádìí IITA, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, kó ọ̀kan tí ń jẹ́ Neozygites láti Bràsíl wá sí oko gbágùdá ní orílẹ̀-èdè Benin fún ìdánwò. Máìtì aláwọ̀ ewé, tí a kọ́kọ́ rí nílẹ̀ Áfíríkà ní Ùgáńdà ní 1971, ni wọ́n fẹ́ fi ṣẹ́gun.

Kókó ọ̀rọ̀ rèé: fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fẹ́ ọ̀rinrin, bẹ́ẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni máìtì ń pọ̀ jù. Iṣẹ́ ìwádìí LUBILOSA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, fi ọ̀nà àbáyọ kan hàn: nígbà tí wọ́n fi òróró po Metarhizium, ó pa eṣú níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ pàápàá.

Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ lò ó bí oògùn kẹ́míkà. Ohun abẹ̀mí ni. Ooru ìsọ̀ lè pa á kí ó tó dé oko. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a fín in, sí abẹ́ ewé, láìpò ó mọ́ oògùn apafọ́ńgọ́ọ̀sì, kí a sì fún un ní ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀ kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì bi òṣìṣẹ́ agbaninímọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Basin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Bí a bá lò ó láìmọ̀ ọ́n lò, a ó ní kò ṣiṣẹ́, a ó sì padà sídìí májèlé.