Ẹ Ṣírò Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èdè Yorùbá ni mo kà gboyè ní yunifásítì, kì í ṣe ìmọ̀ ìṣirò; síbẹ̀, n kò gbà pé ìṣirò jẹ́ àjèjì sí wa. Ẹni tó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Ibi tí a ti máa ń gbàgbé ọgbọ́n yìí jù lọ ni ìdí ilẹ̀ rírà, níbi tí owó tí tọkọtaya fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ti ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ "pulọ́ọ̀tì kan" wò. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn kan ń lo orúkọ yìí fún ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà, tí òró rẹ̀ jẹ́ 120; lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, 50 sí 100 ni. Bí a bá gé èyí tó tóbi sí ege tí ìbú àti òró ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, yóò jẹ́ ege 7,200. Èkejì yóò jẹ́ 5,000. Ká ní wọ́n ń ta èyí tó kéré ní ₦2,000,000, tí wọ́n ń ta èyí tó tóbi ní ₦2,520,000. Lójú lásán, èyí tó kéré ló dínwó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín owó sí iye ege, ₦400 ni ege kan níbẹ̀, ₦350 sì ni lórí èyí tó tóbi.

Nígbà mìíràn, alágbàtà kò ní dárúkọ ìbú tàbí òró. Yóò kàn sọ pé, "Ọ̀gá mi, 300 ẹsẹ̀ bàtà ni ilẹ̀ yìí yíká." Ẹ bi í pé ìlọ́po mélòó ìbú ni òró. Bí ó bá ní méjì ni, ẹ fún ohun tí ẹ kò mọ̀ lórúkọ: ẹ pe ìbú ní b. Òró di b méjì. Ìbú méjì àti òró méjì ló yí ilẹ̀ ká, b mẹ́fà nìyẹn. Bí b mẹ́fà bá jẹ́ 300, b kan jẹ́ 50. Àljẹ́bírà tí ọmọ yín ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama nìyẹn.

Bí ó bá ní ìlọ́po mẹ́rin ni ńkọ́? Àpapọ̀ di b mẹ́wàá. Ìbú jẹ́ 30, òró jẹ́ 120. Ege 3,600 péré! Yíká méjèèjì dọ́gba, síbẹ̀ ege 1,400 ti dín.

Ẹ má gbàgbé igun. Bíríkìlà mọ èyí dáadáa: ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 láti igun lọ sí apá kan, kí ẹ ri èèkàn mọ́ ibẹ̀; ẹ wọn 4 sí apá kejì, kí ẹ ri òmíràn. Bí okùn láàrin èèkàn méjèèjì kò bá jẹ́ 5 gééré, igun náà ti wọ́. Bí ìbú àti òró kò tilẹ̀ yí padà, ilẹ̀ tó wọ́ kì í pé iye ege tí a ṣírò.

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ṣì pọn dandan kí ìwé ilẹ̀ tó jáde. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Téèpù àti bírò ni kí ẹni tó ń ra ilẹ̀ fi ṣọ́ owó rẹ̀. Ẹ mú ọmọ yín dání lọ síbẹ̀, kí ó di ìdí téèpù kan mú.