Ẹ̀dà Kan Ṣoṣo Kò Tó

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, bí ẹ bá bèèrè ètò tó wà nílẹ̀ fún ìjàǹbá, àgbá pupa kékeré tí wọ́n fi ń pa iná, tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, ni wọn yóò nawọ́ sí. Ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn? Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i? Ẹ má bèèrè ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbá pupa kọ́ ló gbé wa dé ibí. Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn ni pé, bí iná bá tilẹ̀ kú, kí ni yóò ṣẹ́ kù tí a ó fi máa bá iṣẹ́ lọ lọ́jọ́ kejì?

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ní ìdí tí a fi ń bèèrè. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn tó ti kàwé jáde ṣáájú wa wà lórí pẹpẹ nínú yàrá kan ní ẹ̀ka wa, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan péré. Ẹni tó bá ṣí wọn yóò bá oríkì orílẹ̀ pàdé níbẹ̀, yóò bá ẹkún ìyàwó, orúkọ ewé, àti ìtàn ìdásílẹ̀ àwọn ìlú kéékèèké tí kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n tẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé rédíò onítéèpù lọ bá bàbá arúgbó lábúlé, bàbá sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá ti kú. Téèpù ti sọnù. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ ti di àgbà. Ìwé yẹn nìkan ló kù, òrùlé tó sì bò ó ń jò.

Bí ẹ bá rò pé à ń pariwo lásán, ẹ wo Yunifásítì Cape Town ní South Africa. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2021, iná ìgbẹ́ ṣẹ́ yọ lórí òkè tó wà lẹ́yìn ọgbà wọn, afẹ́fẹ́ gbé e, ó dé ilé-ìkàwé Jagger. Gbọ̀ngàn ìkàwé jó, òrùlé wó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí wọ́n ti kó jọ nípa ilẹ̀ Áfíríkà di eérú. Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ. Àwọn ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń ti ara wọn bí ẹ̀rọ bá ti fura sí iná. Wọ́n tì lóòótọ́, iná kò sì ráyè kọjá sí apá yòókù. Omi tí àwọn panápaná fi pa iná ló wá ṣàn wọ àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àkójọ sí. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò: ohun tí iná kò jó, omi lè bà á jẹ́, torí pé láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan ni ìwé tó tutù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí bu. Àwọn olùyọ̀ǹda tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń gba àpótí ike lọ́wọ́ ara wọn títí wọ́n fi kó wọn jáde.

Nínú àkójọ yunifásítì yẹn kan náà ni ìwé àkọsílẹ̀ Wilhelm Bleek àti Lucy Lloyd wà. Ní sẹ́ńtúrì 19 ni àwọn méjèèjì jókòó ti àwọn ará ǀXam, wọ́n ń kọ ìtàn wọn sílẹ̀ ní èdè wọn. Lónìí, kò sí ẹni tó ń sọ èdè náà mọ́. Ṣùgbọ́n kí iná tó ṣẹlẹ̀ rárá ni wọ́n ti ya àwòrán àwọn ojú ìwé yẹn, tí wọ́n sì gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àwa ń pè ní ètò ìjàǹbá nìyẹn.

Ti Brazil kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti Rio de Janeiro ni Museu Nacional wà. Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, iná sọ níbẹ̀. Àwọn panápaná dé, ẹ̀rọ omi tó wà nítòsí kò lómi. Àga ọba Adandozan ti Dahomey, tó ti wà níbẹ̀ láti sẹ́ńtúrì 19, jó. Ohùn àwọn ọmọ onílẹ̀ Brazil tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ jó, títí kan èdè tí kò ní ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mìíràn nínú ìlú náà wá ń bẹ gbogbo ayé pé kí ẹni tó bá ti ya fọ́tò níbẹ̀ rí jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́. Fọ́tò àwọn tó wá ṣe fàájì ló wá di ẹ̀rí!

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òkèèrè nìyẹn o. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi ya wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó ba ọgbà ẹranko àti ibi ìsìn ẹja wọn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn ti rí omíyalé Ògùnpa ní 1980. Èyí tó tún jọ wá lójú jù ni ìyanṣẹ́lódì. Láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi yanṣẹ́ lódì. A kò bá wọn jà, ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń bèèrè. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà òjò ni ìyẹn. Yàrá tó wà ní títì fún oṣù mẹ́jọ, ta ló ń ṣí fèrèsé rẹ̀? Ikán kì í yanṣẹ́ lódì.

A mọ ohun tí àwọn olùkọ́ wa yóò sọ. Wọ́n á ní bí iṣẹ́ àṣekágbá bá wà lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ yóò máa jí i kọ. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Àwọn mìíràn á ní ọfọ̀ àti ọ̀rọ̀ awo wà nínú wọn, kò yẹ kó dé etí gbogbo ayé. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kí á tọ́jú nǹkan yàtọ̀ sí kí á tú u síta. Ẹ̀dà kejì lè wà ní ilé-ìkàwé àgbà, kí ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i láìgba àṣẹ. Ti owó ńkọ́? Fóònù tó wà lápò wa ń ya àwòrán ìwé dáadáa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ogún bá ya ìwé mẹ́ta mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọgọ́ta nìyẹn.

Àwọn aláṣẹ fẹ́ràn ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó, yóò kọ ìwé ńlá nípa ìjàǹbá, wọn yóò sì tọ́jú ìwé náà sínú ilé tó lè jóná yẹn gan-an. Ohun tí àwa ń bèèrè kéré sí i. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ohun mẹ́wàá tí kò ní ẹ̀dà kejì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí panápaná mọ èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ gbé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń fi iṣẹ́ àṣekágbá sílẹ̀ fi ohùn tó gbà sílẹ̀ kún un. Kí nọ́ńbà fóònù ẹni tí à ń pè lóru wà lára ògiri, kó sì jẹ́ èyí tó ń lọ. Kí wọ́n sì ṣe kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ àṣekágbá kejì, torí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni èyí tó wà báyìí wà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń lọ sílé.