Èèwọ̀: ohun tí a kì í ṣe

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń túmọ̀ èèwọ̀ sí èdè Faransé, «interdit» tàbí «tabou» ni wọ́n sábà máa ń kọ. A kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n méjèèjì kò kún ojú òṣùwọ̀n. «Interdit» ni ọ̀rọ̀ tí ìjọba ń kọ sára ògiri. Ní ti «tabou», ọ̀nà rẹ̀ jìn: ní erékùṣù Tonga ni Cook, atukọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbọ́ ọ lọ́dún 1777.

Ẹ fetí sí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ èèwọ̀ fún ọmọdé. Wọn kì í sábà wí pé «o kò gbọdọ̀». «A kì í» ni wọ́n ń wí: a kì í jókòó sórí odó, a kì í súfèé lóru, a kì í wo ọba nígbà tí ó bá ń jẹun. Òfin a máa nàka sí ẹlòmíràn. Nínú «a kì í», ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ tí ó ń gbọ́ wà níbẹ̀, àwọn baba tí ó ti lọ náà kò gbẹ́yìn.

Nítorí náà ni èèwọ̀ fi ń yàtọ̀ láti agbo dé agbo. Olóòṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu, aládùúgbò rẹ̀ sì lè mu ún ní àmuyó. Àdín tí a fi ń para ọmọ, Èṣù kò fẹ́ fojú kàn án. Ìyàwó tuntun a máa béèrè èèwọ̀ ilé ọkọ kí ó tó gbé ìkòkò kaná, nítorí àwọn ọmọ tí yóò bí. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé ọmọ tí a bí sí Kùtọnu lónìí lè mọ orúkọ baba rẹ̀ àgbà, kí ó má mọ oúnjẹ tí baba náà kì í jẹ.

Àmì ohùn ńkọ́? «Ó jẹ́ èèwọ̀»: a kì í ṣe é. «Ó jẹ èèwọ̀»: ẹnì kan ti ṣe é. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i lè fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀! Ẹni tí ó bá sì jẹ èèwọ̀, ètùtù ni a ń bá a wá, kì í ṣe owó ìtanràn.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ «défense d'uriner» sára ògiri yín ní Àjàṣẹ́, «Ẹ má tọ̀ síbí» ti tó. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà yín léèrè èèwọ̀ ilé yín, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú àmì ohùn.