Ọwọ́ Aago Ọkọ̀ Kò Gbọdọ̀ Parọ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò, iṣu àti kajú láti Bétérou lọ sí Tchaourou tàbí Parakou ni wọ́n ti lò ní Yúróòpù kí wọ́n tó gba èbúté Kútọnu wọlé. Ọkọ̀ ti gbó, aago iwájú awakọ̀ náà sì ti gbó. Nínú òmíràn, ọwọ́ aago ìyára ń gbọ̀n. Nínú òmíràn, ọwọ́ aago epo kì í kúrò lójú kan. Mẹkáníìkì a máa yọ ọwọ́ náà, a tún aago ṣe, a sì dá ọwọ́ padà. Iṣẹ́ yìí dára. Ohun tí kò dára ni kí ó fi ojú lásán dá a padà, kí ó sì sọ fún ọlọ́kọ̀ pé ó ti parí.

Èrò tiwa ni pé ọwọ́ aago tó ń parọ́ burú ju aago tí kò ní ọwọ́ rárá lọ. Awakọ̀ tí kò ní aago yóò máa ṣọ́ra. Èyí tí aago rẹ̀ ń parọ́ yóò fọkàn balẹ̀ wọ inú ewu. Bí aago ooru bá sọ pé ẹ́ńjìnnì tutù nígbà tí omi inú rẹ̀ ń hó, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ sáàárín igbó, níbi tí kò sí mẹkáníìkì. Bí aago ìyára bá fi 60 hàn nígbà tí ọkọ̀ ń sá 80, ọmọdé tó ń sọdá títì ni yóò san gbèsè irọ́ náà.

Kí ni ó ń gbé ọwọ́ aago ìyára? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, irú aago tí Otto Schulze, ọmọ Jámánì, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1902 ni a ń lò. Okùn onírin kan láti inú jíà ń yí òòfà. Òòfà náà ń fa ife irin kékeré tí ọwọ́ aago so mọ́. Sípíríǹgì tín-ín-rín kan sì ń fà á padà. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ni ọwọ́ ń dúró sí. Bí a bá fi ọwọ́ sí ibi tí kò yẹ, gbogbo nọ́ńbà tó ń fi hàn ni yóò ṣì.

Nínú ọ̀pọ̀ aago, ìṣó kékeré kan ló ń dá ọwọ́ dúró sí òdo, bẹ́ẹ̀ sípíríǹgì ṣì ń fà á mọ́ ìṣó náà. Nítorí èyí, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ rọra gbé ọwọ́ kọjá ìṣó, yóò jẹ́ kí ó lọ sinmi fúnra rẹ̀, yóò sì sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ṣíbí méjì tí a wé aṣọ mọ́ gbé e sókè lápá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, láìfi ipá fà á. Nígbà tó bá ń dá a padà, orí àmì yẹn ni yóò fi í sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ìṣó.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí, àfi bí a bá dán an wò. Níbi tí òkúta kìlómítà bá wà lójú ọ̀nà tí èrò kò sì sí, kí awakọ̀ di 60 mú láìyẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn máa wo aago ọwọ́. Láti òkúta kan dé èkejì, ìṣẹ́jú kan ni ó yẹ kí ó gbà. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 50 péré, 72 ni ọkọ̀ náà ń sá. Ní ti epo, bí táǹkì bá gba lítà 50, ọwọ́ yẹ kí ó súnmọ́ ìdajì nígbà tí lítà 25 bá wà nínú rẹ̀.

Bí ọwọ́ bá tọ̀nà níbì kan tó sì ṣì níbòmíràn, àléébù náà lè wà lára wáyà tàbí ibòmíràn. Kí mẹkáníìkì má ṣe yí ọwọ́ láti fi bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì fi táyà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí ọkọ̀ rẹ̀, kí ó mọ̀ pé ọkọ̀ yóò máa sá ju iye tí aago ń sọ lọ.

Àwọn kan yóò ní kò sí owó, kò sí àyè. Aago ọwọ́ àti bírò kò wọ́n ju ẹ́ńjìnnì lọ, wọn kò sì wọ́n ju ẹ̀mí lọ. Òfin 39 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàápàá gbà kí aago ìyára fi díẹ̀ lé ìyára gangan, ṣùgbọ́n kò gbà kí ó dín in rárá.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ má ṣe sanwó iṣẹ́ aago kí mẹkáníìkì tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: iye tí aago fi hàn, iye tí a wọ̀n, àti ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ fi ìwé yẹn ṣe ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kà báyìí, bí ẹ bá wọ ọkọ̀, ẹ wo aago náà, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n dán an wò kẹ́yìn.